Ẹ Wẹ̀yìn Kí Ẹ Tó Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ìyá wa ní Osi, ní Iloffa àti Odò-Ọwá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn náà ká tó ṣubú.

Bí ìyá àgbà bá ṣubú, òkúta la kọ́kọ́ ń bú, tàbí ẹrẹ̀, tàbí ká ní ayé ló tì í. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ tó ti ń sinmi látọdún mélòó kan ló fà á. Ọmọ ti Ìlọrin tàbí Èkó dé, ó gba igbálẹ̀, ó gba kẹ́ẹ̀gì omi, ó ní, "Màámi, ẹ jókòó, iṣẹ́ yín ti tó." Ìfẹ́ ni. Àmọ́ itan tí a kò lò a máa joro, àti pé láti ìgbà tí nǹkan oṣù obìnrin ti dáwọ́ dúró ni agbára egungun rẹ̀ náà ti ń dín kù. Ìdí nìyẹn tí ìṣubú kékeré fi ń dá egungun ìbàdí ìyá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dún. Àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló ń bá a lọ jù.

Ẹ rántí eégún Epa ilẹ̀ wa. Ère tí Aréògún ti Osi àti Bámgbóyè ti Odò-Ọwá gbẹ́ sórí rẹ̀, òmíràn wúwo ju 20 kìlò lọ, síbẹ̀ ẹni tó rù ú á fò gun òkìtì lójú gbogbo ìlú. Orí ló fi rù ú, ṣùgbọ́n itan àti ọrùn ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣubú.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; díẹ̀díẹ̀ náà ni itan tiwa ṣe lè padà lágbára. Ẹ wá àga onígi tó dúró dáadáa, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Àga oníke a máa yọ̀, àpótí ìdáná sì ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ sún ìdí síwájú, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ dìde. Bó bá ṣòro, ẹ fọwọ́ ti àga. Bí ẹ bá ń padà jókòó, ẹ má jẹ́ kí ìdí já lu àga: ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ yẹn ń fún itan lágbára gan-an. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó fi ìrọ̀rí lé àga kó lè ga.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹnìkan wà nítòsí. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín tàbí àyà ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ ó rí èso rẹ̀ níbi ìkúnlẹ̀ àdúrà tàbí ìforíkanlẹ̀, nígbà tí ẹ bá dìde láìdi ẹni ẹ̀gbẹ́ yín mú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì fún màmá, ẹ fi irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀, ẹ tún àtẹ̀gùn tó ti fọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi igbálẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.