Túndé Ọnàkọ̀yà àti Eré Ṣẹ́ẹ̀sì

Bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀ ní Ìkìrun, ní Ìníṣà tàbí ní Òkukù, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n dojú kọ ọpọ́n ayò, tí àwọn òǹwòran sì yí wọn ká. Ihò méjìlá ni ọpọ́n náà ní, ọmọ ayò 48 ni a sì fi ń ta á. Ẹni tí ó mọ ayò í ta ni ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè, kò sì sí irú ẹ̀fẹ̀ tí wọn kì í fi òpè ṣe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá ti jókòó ti ọpọ́n bẹ́ẹ̀ rí, ṣẹ́ẹ̀sì kì yóò ṣàjèjì sí yín. Ojú 64, funfun àti dúdú, ni ó wà lórí pátákó rẹ̀. Ọmọ 16 ni olúkúlùkù ní, ọba kan sì wà nínú wọn. A kì í pa ọba náà. Ńṣe ni a ń sé e mọ́ títí kò fi ní ibi tí yóò sá sí.

Nínú ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòròdú ni Túndé Ọnàkọ̀yà, tí a bí ní ọdún 1994, ti kọ́ eré yìí. Nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí owó tí yóò fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìyá rẹ̀ bá lọ ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí iṣẹ́ náà lè dípò owó ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìyá yìí tóbi ju ife-ẹ̀yẹ èyíkéyìí lọ. Túndé ka ìwé dé Yaba College of Technology, ó sì gba ẹ̀yẹ nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì. Kò jẹ oyè Grandmaster, tí í ṣe oyè tí ó ga jù nínú eré náà. Iṣẹ́ mìíràn ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ní ọdún 2018, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Májídùn. Lẹ́yìn náà ó dé Mákòkó, ó sì dé abẹ́ afárá Òṣòdì, níbi tí àwọn ọmọ tí kò nílé ń sùn. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Báwo ni ayé yóò ṣe gbọ́?

Ẹnìkan ti fi pátákó yìí ké sí ayé rí. Miguel Najdorf, ọmọ Poland, wà ní ìdíje ní Argentina nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, kò sì lè padà sílé. Ní 1947, ní São Paulo, ó bá ènìyàn 45 ta á lẹ́ẹ̀kan náà láìwo pátákó, ó sì borí 39. Ó ń retí pé ìròyìn náà yóò kan àwọn ará ilé rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ti kú sọ́wọ́ àwọn Násì.

Àwọn tí Ọnàkọ̀yà ń ké sí gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2024, òun àti Shawn Martinez, ará Amẹ́ríkà, jókòó ní Times Square ní New York. Ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òfin fún wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Norway méjì ti ta á fún wákàtí 56 ní 2018. Àwọn méjì yìí ta á dé 60. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dúró tì wọ́n, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni Ọnàkọ̀yà ń wá fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ.

Ní ọdún 2024 kan náà, àwọn ará Norway mìíràn ta á kọjá 60. Ní oṣù kẹrin 2025, Ọnàkọ̀yà àti Martinez padà sí Times Square, wọ́n sì ta á fún wákàtí 64.