Gbọ́ kì í ṣe ti etí nìkan

Ẹ wo gbóòórùn dáadáa. Gbọ́ àti òórùn ló wà níbẹ̀. Pípa tí a pa fáwẹ́lì ọ jẹ ni kò jẹ́ kí a rí gbọ́ mọ́. Imú ló ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ gbọ́ là ń lò. Ẹni tó sì gbọ́ Faransé, làákàyè ló fi gbọ́ ọ.

Èyí ni mo fi dá àbúrò mi lóhùn nígbà tó ní n kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn onísáyẹ́ǹsì gbọ́ ìgbì òòfà (gravitational waves), nítorí kò ní ìró. (Òòfà tẹ́ mi lọ́rùn: inú fà ló ti jáde.) Mo ní bí a kò bá lo gbọ́, kí la fẹ́ lò?

Láti 1986 ni Bernard Schutz ti sọ pé a lè fi ìgbì yìí díwọ̀n bí àgbáńlá ayé ṣe ń fẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbọ́ ìràwọ̀ nútrọ́ọ̀nù méjì tó ń yí ara wọn po títí wọ́n fi kọlura; Virgo ti Ítálì bá LIGO tọ́ka ibi tí ìgbì náà ti wá. Bí ìgbì náà ṣe le tó àti bó ṣe ń yára sí i ló fi hàn pé ibẹ̀ jìnnà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀. Gbígbọ́ nìyẹn. Kò sọ iye eré tí ibẹ̀ fi ń jìnnà sí wa.

Iṣẹ́ rí ni eré. Ní nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá lẹ́yìn náà, awò Swope ní Chile rí ìmọ́lẹ̀ tuntun nínú agbo ìràwọ̀ NGC 4993. Bí ìmọ́lẹ̀ agbo náà ṣe pọ́n sí ló jẹ́ ká mọ̀ pé, bí a bá yọ ìrìn tirẹ̀ kúrò, ó ń jìnnà sí wa ní nǹkan bíi 3,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n fi ọ̀nà jíjìn pín in, ó di 70 fún mílíọ̀nù 3.26 ọdún ìrìn ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjì mìíràn tó ń bára wọn jà mú nǹkan bíi 67 àti 73 wá. 70 yìí kò tíì là wọ́n, àyè àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù.

Ní ti fífẹ̀ yìí, ẹ má kọ ọ́ pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń sá lọ. Àárín wọn ló ń fẹ̀. Wú náà kò dára tó: ohun tó wú ní ojú ibi tó ti wú, àgbáńlá ayé kò ní.

Ihò dúdú méjì tó kọlura tí LIGO gbọ́ ní 2015 ńkọ́? Wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò rí i. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù láti ìgbà náà, ni wọ́n fi ń wo àwọn agbo ìràwọ̀ tó wà ní sàkání ibẹ̀, wọ́n ń yá eré lọ́wọ́ wọn.