Irin Wẹ́wẹ́ Nínú Ẹ́ńjìnnì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe

Igbókòdá ni ọ̀nà ilẹ̀ ti pàdé ọ̀nà omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Bọ́ọ̀sì tó bá ti Òkìtìpupa wá á já èrò sílẹ̀ létí omi, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé wọn lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìletò etí òkun. Ẹ́ńjìnnì ló ń ti àwọn méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un tò, olówó á sì san owó tó pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́, olówó á sì rí i pé ọ́ìlì náà ń dán yinrinyinrin. Irin ló ń dán bẹ́ẹ̀. Ṣé ó yẹ kó bẹ̀rù? Irin kan wà tí kò léwu, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀.

Inú ẹ́ńjìnnì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Epo á gbiná lórí písítọ̀nù, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò, agbára iná náà á tì í wálẹ̀, písítọ̀nù á sì yí ọ̀pá irin wúwo tó wà nísàlẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíráńkì. Ibi tí kíráńkì jókòó sí, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó rọ̀ tẹ́ ẹ, bíárìn nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín kíráńkì àti bíárìn sábà máa ń wà láàárín 0.02 sí 0.06 mìlímítà. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bíi 0.07. Nínú àlàfo tí irun kò lè wọ̀ yìí ni ọ́ìlì ti ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni ọ́ìlì, ohun tó ń ṣàn, ṣe wá ń gbé irin tó wúwo bẹ́ẹ̀ dúró? Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ láti Igbókòdá ti fojú rí i. Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, ìdí rẹ̀ á rì sómi. Bí awakọ̀ bá wá fún un níná, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè, á sì máa sáré lórí omi, nítorí eré ọkọ̀ ń fún omi pọ̀ sábẹ́ rẹ̀, omi tó fún pọ̀ náà ló sì ń tì í sókè. Bí kíráńkì ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ọ́ìlì wọ ibi tó há jù lọ, ọ́ìlì á sì tì í kúrò lára bíárìn. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, irin kì í kan irin níbẹ̀. Kìkì ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ẹ́ńjìnnì, tí ọ́ìlì kò tíì dé, ni wọ́n máa ń ha ara wọn díẹ̀.

Níbo wá ni irin inú ọ́ìlì náà ti wá? Apá kan jẹ́ ohun tí a retí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ihò tí písítọ̀nù ń gbà lọ sókè sódò, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta ìlọrin ha ògiri rẹ̀ ní ìlà wínníwínní kí ọ́ìlì lè dúró nínú ìlà náà. Orí àwọn ìlà yìí mú. Ríìngì tó wà lára písítọ̀nù á máa fá wọn títí ògiri àti ríìngì á fi bá ara wọn mu. Ohun tí ó fá kúrò ló di eruku irin aláwọ̀ eérú inú ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fi ń fẹ́ kí a tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́. Yamaha, fún àpẹẹrẹ, ní kí á pààrọ̀ ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wọn tó ní ibi ìtọ́jú ọ́ìlì tirẹ̀ lẹ́yìn 20 wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo 100 wákàtí. (Èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ kò ní ọ́ìlì tí a lè dà wò, ọ́ìlì jíà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.)

Bí a bá fẹ́ mọ irú irin tó wà níbẹ̀, kí á gé fílítà ọ́ìlì, kí á na pépà inú rẹ̀, kí á fi kẹrosíìnì ṣàn án sínú abọ́ funfun. Lẹ́yìn náà, kí á fi ọ̀rá wé òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì; èyí tí ẹ bá yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́ tó. Ẹ rọra fà á káàkiri abọ́ náà. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, irin gidi ni: ó lè jẹ́ ti ríìngì, ti ògiri ihò písítọ̀nù, tàbí ti kíráńkì fúnra rẹ̀. Ẹ yọ òòfà kúrò nínú ọ̀rá, irin náà á já bọ́ sórí pépà, ẹ ó sì lè wò ó dáadáa. Bí ó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, tí kò sì pọ̀, ẹ má ṣe dààmú.

Èyí tí òòfà kò gbé ló yẹ kó mú yín ronú. Bí ó bá funfun tó sì fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni, ohun tí wọ́n fi ṣe písítọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ pẹlẹbẹ, tó rọ̀, tí èékánná lè tẹ̀, ojú bíárìn ló ń ṣí. Bí ó bá pọ́n bíi bàbà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, nítorí nínú ọ̀pọ̀ bíárìn, abẹ́ ojú tó rọ̀ ni bàbà wà. Bí bàbà bá ti yọjú, ojú náà ti tán.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi irin tó rọ̀ ṣe ojú bíárìn. Isaac Babbitt, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú irin bẹ́ẹ̀ jáde ní 1839. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ìdọ̀tí kékeré bá wọlé, yóò rì sínú irin rírọ̀ náà, kò ní ráyè ha kíráńkì. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó tóbi ju bí ojú náà ti nípọn lọ kò ní rì tán. Orí rẹ̀ á yọ, á sì máa ha kíráńkì ní gbogbo ìgbà tó bá yí.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìlàjẹ ti wọlé. Iyanrìn funfun Igbókòdá lókìkí débi tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ gíláàsì Olúwa sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tó mú un dára fún gíláàsì ni sílíkà tó pọ̀ nínú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ṣe ní 1812, tó lọ láti 1 dé 10, 7 ni sílíkà wà. Irin lásán wà ní nǹkan bíi 4, alumíníọ̀mù kò sì tó 3. Ohun tó le jù ló ń ha èyí tó rọ̀ jù. Bí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì sórí ilẹ̀ gbalasa, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, wóró iyanrìn díẹ̀ péré tó wọ inú rẹ̀ á máa bí irin wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́. Òòfà kò sì ní gbé iyanrìn náà fúnra rẹ̀.

Eruku òkúta ìlọrin náà le bẹ́ẹ̀, àní ó tún le jù. Mo gbà pé ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ nìyí: bẹntiróòlù nìkan ni wọ́n fi ń fọ ihò písítọ̀nù. Bẹntiróòlù á yọ́ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n eruku á tún jókòó padà sínú àwọn ìlà wínníwínní náà. Ọṣẹ ní orí méjì: ọ̀kan ń di ọ́ìlì mú, èkejì ń di omi mú, nítorí náà nígbà tí omi bá ń lọ, ó ń kó ọ́ìlì àti eruku lọ papọ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n lò, títí aṣọ funfun tí wọ́n bá fi nù ún á fi jáde ní funfun. Kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun kì í jẹ́ kí irin ìhòòhò pẹ́ kó tó dípẹtà. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú kíráńkì náà ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́; ìdọ̀tí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ bàjẹ́ sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.

Àwọn kan á ní fílítà tuntun á kó gbogbo rẹ̀. Rárá. Pọ́ńpù ọ́ìlì wà ṣáájú fílítà, òun ló kọ́kọ́ ń jẹ ìdọ̀tí. Ilẹ̀kùn kékeré kan sì wà nínú ètò fílítà tó máa ń ṣí bí ọ́ìlì bá ki nítorí òtútù tàbí bí pépà bá dí, kí ẹ́ńjìnnì má bàa pàdánù ọ́ìlì pátápátá. Bí ó bá ti ṣí, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ló ń lọ sí bíárìn.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí bàbà tàbí irin pẹlẹbẹ, ọ́ìlì tuntun kò ní wò ó sàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí wọ́n tú bíárìn wò, nígbà tí kíráńkì ṣì ṣe é lò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì; ẹni tó wà lójú omi pẹ̀lú èrò kò ní ibi tí yóò dúró sí. Ẹ bẹ mẹkáníìkì yín kí ó fọ ẹ́ńjìnnì náà lójú yín, kí ó sì gé fílítà àkọ́kọ́ níwájú yín kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà lọ sójú òkun.