Ẹ má fi gọ́ọ̀mù oníbàtà lẹ bágì mọ́ ikùn

Nọ́ọ̀sì wa, aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Tuntun, Ìlọrin. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n fa ẹnu ìfun mi síta lára ikùn, inú bágì ni mo sì ń yàgbẹ́ sí. Bágì náà kì í lẹ̀ pẹ́. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣí, á jò sí ìró mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú oníbàárà rí, mi ò lè gbójú sókè. Ọmọ tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní gọ́ọ̀mù òun á mú un dáadáa. Ṣé kí n lò ó? Ìrun kíkí náà ń kọ mí lóminú.
— Ìyá Aláṣọ

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù oníbàtà kan ara yín, ì báà ṣe ẹ̀kán kan péré. Súpá gúlù àti sólúṣàn tí wọ́n fi ń lẹ táyà kò yàtọ̀. Kẹ́míkà inú wọn máa ń jó awọ ara, bó bá sì gan tán, awọ ni yóò bá a ṣí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ bágì. Ara tó bá ti bó kì í gba bágì mọ́: ojú ibẹ̀ á máa rin, jíjò á wá pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Ìtìjú tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí gan-an ló bí bágì tó ń lẹ̀ mọ́ra. Ní 1954, ní Dẹ́ńmáàkì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Elise Sørensen rí i pé ọmọ ìyá òun, Thora, kò fẹ́ jáde nílé mọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò jò lójú èèyàn. Òun ló ronú kan àpò ọ̀rá tó ní òrùka tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Ara gbígbẹ ni irú bágì bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó jẹun, ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, torí ìgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá nígbà náà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ti tó láti fi wẹ ibẹ̀. Ẹ jìnnà sí ọṣẹ olóòórùn dídùn, Dettol àti sípíríìtì. A mọ bí a ṣe ń fi òrí àti àdí para nígbà ọyẹ́. Àmọ́ ibi tí òróró bá ti kan ikùn, bágì ò ní dúró níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ara ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí ọ̀rinrin á fi tán. Ẹ wá wọn ẹnu ìfun náà. Ó máa ń sún kì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ihò tí wọ́n gé fún yín nílé ìwòsàn níjọ́sí lè ti tóbi jù. Mìlímítà 2 sí 3 péré ni kí ihò ìdí bágì fi ju ẹnu ìfun lọ. Ẹ ki ìdí bágì bọ abẹ́ apá díẹ̀ kó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀bá ẹnu ìfun bọ̀ síta, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ooru ọwọ́ ló ń jẹ́ kó mú.

Ohun kan wà tí ẹ kò kọ sí lẹ́tà, àmọ́ mo fura sí i. Orí àpótí ni aláṣọ ń jókòó sí látàárọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé aṣọ. Ẹ jókòó síwájú dígí kí ẹ wo ikùn yín: bí awọ bá ká kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìfun, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà jò. Ìpara ẹnu ìfun tí wọ́n ń pè ní stoma paste la fi ń dí irú kòtò bẹ́ẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń fi pútì dí ihò ara pákó. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù, ẹ má fi kun gbogbo ara. Ẹ tún wo ibi tí ẹ ń so ìró mọ́. Bí ìró bá fún bágì láàárín, ìgbẹ́ ò ní ráyè sọ̀kalẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ máa da bágì nù kó tó kún dé ìdajì.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí òógùn ṣì ń ṣí i, gọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn wà, èyí tí wọ́n ṣe fún awọ ara. Òmíràn jẹ́ fífọ́n, òmíràn ní búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn kejì fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ibẹ̀ bá yún yín tàbí tó pọ́n, ẹ má lò ó. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi í, kí ó sì gbẹ kí bágì tó gun orí rẹ̀, torí bí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀ ní tútù, á jó ara. Púpọ̀ nínú wọn ń gbaná: ẹ má lò ó nítòsí sítóòfù. Kò gbọdọ̀ kan ojú egbò. Bí ara bá ti bó, pàúdà stoma lẹ máa wọ́n síbẹ̀, kí ẹ gbọn èyí tó bá ṣẹ́kù dànù. Ẹ ra oògùn tó ń yọ gọ́ọ̀mù náà mọ́ ọn. Ẹ má fà á ya.

Bí ara ibẹ̀ bá ń yún tó sì sú wínníwínní, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin (UITH) ní Òkè-Ọ̀sẹ̀. Bí ẹnu ìfun bá dúdú, tàbí tí ohunkóhun ò jáde tí inú ń run yín tí ẹ sì ń bì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ní ti ìrun, ìrọ̀rùn wà nínú ẹ̀sìn fún ẹni tí kò lè kápá ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Ẹ bi àáfáà yín bí ẹ óò ṣe máa ṣe àlùwàlá. Ẹ má torí bágì pa ìrun tì.

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa tí a bí láìní ihò ìdí ni wọ́n fa ìfun rẹ̀ síta. A ò rí bágì kékeré rà, aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi ń bò ó. Ṣé a ò ń pa á lára?
— Bàbá Ọmọ, Ọ̀fà

Rárá o. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ tàbí pámpásì dára, bí ẹ bá ti ń pààrọ̀ rẹ̀ gbàrà tó bá rin. Ẹ fi ìpara zinc oxide kun ara tó yí ẹnu ìfun ká, kó nípọn. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀, ìgbẹ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ nù, ẹ má ha gbogbo ìpara kúrò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí bágì, ẹ pa ìpara tì, torí bágì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìgbà díẹ̀ ni ìfun sábà máa ń fi wà níta. Wọ́n á ṣe ihò ìdí fún un, wọ́n á sì dá ìfun padà sínú. Mo mọ̀ pé owó lè mú kí òbí máa sún ọjọ́ náà síwájú. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú un lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí wọn ò bá tíì dá ọjọ́, ẹ lọ béèrè lọ́sẹ̀ yìí.