Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌLÚWẸ̀Ẹ́: BÍ OMI TI Í GBÉ ÈNÌYÀN

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ẹni tí ó já sínú ibú, tí ó na ọwọ́ sókè tí ó ń kígbe, fi í tètè rì? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

Archimedes, ọlọ́gbọ́n ará Sírákúsì, tí ó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Olúwa wa, kọ́ni pé ohun tí ó bá wọ inú omi, omi a máa tì í sókè ní ìwọ̀n omi tí ó ṣí nípò. Akèrègbè òfìfo tí a dí lẹ́nu kì í rì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni, bí afẹ́fẹ́ bá kún ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ ènìyàn a léfòó. Bí wọ́n bá mí i jáde tán, ọ̀pọ̀ a rì. Ṣùgbọ́n apá tí a bá gbé kúrò nínú omi, omi kò gbé e mọ́. Ìwúwo rẹ̀ a sì ti orí wọlẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bọ́ sódò, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ kọjú sí ọ̀run, ẹ jẹ́ kí etí wà nínú omi, kí apá sì nà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti lọ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti omi sẹ́yìn bí atukọ̀ ti í fi àjẹ̀ ṣe. Òun náà yóò tì yín síwájú.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan lọ kọ́ ọ. Òmùwẹ̀ ni í bá odò lọ.