Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọmọ Tí Abẹ́rẹ́ Ilé Ìwé Kò Kàn

Ní oṣù tó kọjá, a kọ́ ẹ̀kọ́ lórí onígbọ̀wọ́ àti ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó buwọ́ lùwé. Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò kan owó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kan owó, ó kan ọmọ, ó sì kan ẹ̀mí. Ẹni tí kò bá lè kà á fúnra rẹ̀, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi

Kí n tó kọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìpínlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti Àbújá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ló wá kan àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, bíi Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ̀ láti gún àwọn ọmọ.

Wọ́n dé ilé ìwé ọmọ mi náà, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n ti lé e wálé nítorí owó ilé ìwé tí n kò tíì san tán. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́, tí mo máa ń lẹ orúkọ àwọn onígbèsè mọ́ ara pátákó! Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ìsọ̀, ó ń bá a wọn gàárì. Nígbà tó padà sí ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi apá hàn án, wọ́n ní, "Àwa ti gba tiwa." Ó délé, ó sọ fún mi. Mo ní, "Wọn á tún padà wá." Wọn kò padà wá, èmi náà sì gbàgbé.

Ikú ọ̀kan nínú wa ló rán mi létí. Ìyá kan ni, ó ń ta èlùbọ́, kì í sì í fi owó ẹgbẹ́ falẹ̀. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, n kò sì ní dárúkọ. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí ní àsìkò tí kò yẹ kó rí i. Ó rò pé nǹkan oṣù tó fẹ́ dúró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó ń mu àgbo. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, àrùn náà ti tàn ká. Owó tó yá lọ́wọ́ wa láti fi ra ọjà, ilé ìwòsàn ló bá lọ. Nígbà tó kú, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì ló pín gbèsè náà san. Ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀.

Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan wọn ti sọ fún mi pé àrùn yìí gan-an ni abẹ́rẹ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn ń dènà. Àyà mi já. Mo ṣírò ọjọ́ orí ọmọ mi níbi tí mo jókòó sí: ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ni àrùn náà?

Ẹnu ilé ọmọ ni ọ̀nà tóóró tó wà nísàlẹ̀ ilé ọmọ obìnrin, èyí tó máa ń ṣí nígbà ìrọbí kí ọmọ lè jáde. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní HPV. Ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń gbà ran ènìyàn. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti obìnrin fi máa ń ní in láìmọ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ara á lé e jáde fúnra rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, á lúgọ fún ọdún púpọ̀, nígbà mìíràn á tó ogún ọdún, kó tó wá di jẹjẹrẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló tú àṣírí pé kòkòrò yìí ló wà nídìí àrùn náà. Wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí iṣẹ́ yìí.

Àwọn tó ń ṣe ìṣirò jẹjẹrẹ lágbàáyé sọ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni àrùn yìí tuntun mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 ló sì pa. Ẹ fojú inú wo ọjà tí ẹ̀ ń ná, kí ẹ wò ó bí ìyá 8,000 bá di àwátì láàárín ọdún kan.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ṣì kéré: kí ààbò ti wà lára wọn kí kòkòrò tó dé. Bí kòkòrò náà bá ti wà lára, abẹ́rẹ́ yìí kò lè lé e jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un, ní apá. Ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba.

Àwọn ọmọ wo ni kì í kàn?

1. Ọmọ tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé.
2. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà lọ́jọ́ ọjà.
3. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà.
4. Ọmọ tó mú ìwé ìyọ̀ǹda wálé, tí ìyá ní kí bàbá buwọ́ lù ú, tí bàbá ní kí ìyá buwọ́ lù ú, tí ìwé sì sọnù.
5. Ọmọ tí kò sí ní ilé ìwé rárá: ọmọ iṣẹ́ aránṣọ, ọmọ iṣẹ́ onídìrí, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ tó ń kiri ọjà.

Ẹ tún un kà. Ta ló ni àwọn ọmọ wọ̀nyí? Àwa oníṣòwò ni. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà, tí wọ́n sì wà níjòókòó lọ́jọ́ náà, ni ọwọ́ tíṣà tó. Ibi tí rẹ́jísítà bá parí sí ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ fún ọmọ ẹni

(a) Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, èyí tí a máa ń pè ní sẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ náà ti wọ inú àwọn àjẹsára tí wọ́n ń fún ni déédéé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ló ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún abẹ́rẹ́. Èmi kò béèrè. Mo mú ọmọ lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní Ọjọ́rú ni. Owó ọkọ̀ lọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì lọ pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: Ọjọ́ wo ni? Aago mélòó? Ṣé abẹ́rẹ́ náà wà nílẹ̀?

(b) Ẹ mú ẹ̀rí ọjọ́ orí dání, bíi ìwé ìbí, tàbí káàdì àjẹsára tí wọ́n fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

(d) Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun kó tó lọ. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí abẹ́rẹ́ kan bá ti dà á láàmú rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí òòyì máa ń kọ́ àwọn ọmọ mìíràn. Apá lè dùn ún, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un padà síbẹ̀.

(e) Ẹ gba káàdì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Káàdì yìí dà bí ìwé owó yín nínú ẹgbẹ́. Bí ẹ bá san owó tí akápò kò kọ ọ́ sínú ìwé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí?

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, a padà lọ, ọmọ mi sì gba tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti kọjá ọdún mẹ́rìnlá, ètò ọ̀fẹ́ kò kà á mọ́. Owó ni òbí máa fi rà á ní ilé ìwòsàn aládàáni, ìyẹn bí wọ́n bá ní in. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti pé mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, ẹ má fọ̀la dọ́la.

Bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀ fún gbogbo ọjà

Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ bi àwọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún léèrè. Nígbà tí wọ́n ń lé olóde kúrò nílẹ̀ wa, àwọn agúnbẹ́rẹ́ kò dúró sí ilé ìwé nìkan. Ojú ọjà àti gbàgede ìlú ni wọ́n ti ń pe jọ. Àpá rẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀pọ̀ àgbà títí dòní. Ọdún 1970 ni wọ́n rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ láyé.

Èyí ni ìlànà tí mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé:

Èkíní, kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá tó wà lábẹ́ wa, yálà ó ń lọ sí ilé ìwé tàbí kò lọ. Kí a kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ òbí rẹ̀ sí i.

Èkejì, kí Alága wa àti Ìyálọ́jà jọ buwọ́ lu lẹ́tà sí ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fi iye ọmọ, ibi tí a ó lò àti ọjọ́ tí a fẹ́ sínú rẹ̀. Iye ọmọ ṣe pàtàkì, kí wọ́n lè mọ iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gbé wá.

Ẹ̀kẹta, kí a pèsè ibi tó bójú mu: gbọ̀ngàn ìpàdé wa, àga gbọọrọ, omi mímu, àti aṣọ tí a ó fi pààlà. Abẹ́rẹ́ yìí kì í fẹ́ ooru, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, nínú kúlà tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun fẹ́ bá wọn gbé e sínú fírísà ẹlẹ́ja. Yóò bàjẹ́ ni.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọ̀gá aránṣọ àti onídìrí yọ̀ǹda àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti fi fóònù gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ṣáájú.

Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

"Akọ̀wé, ṣé kò ní sọ ọmọ mi di àgàn?" Rárá o. Ilé ọmọ gan-an ni abẹ́rẹ́ yìí ń ṣọ́. Jẹjẹrẹ ni í ba ilé ọmọ jẹ́.

"Ọmọ mi kì í rìnrìnkurìn, kí ló fẹ́ fi ṣe?" Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, ṣé ìgbà tí olè bá ti wọlé lẹ tó ń ra àgádágodo? Ọmọ rere náà yóò di ìyàwó ilé lọ́jọ́ kan.

"Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́?" Ọmọbìnrin nìkan ni ètò ìjọba yìí wà fún. Ṣùgbọ́n àjẹsára mìíràn wà fún tọkùnrin tobìnrin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìpolongo àjẹsára èèyi àti rùbẹ́là fún àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́sàn-án títí di ọdún mẹ́rìnlá. Bí ẹ bá ti dé sẹ́ńtà, ẹ béèrè àwọn tó bá ku ọmọ yín kù.

"Àwa ìyá tí a ti dàgbà ńkọ́?" Láti ọgbọ̀n ọdún sókè, àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ni tiyín. Ẹni tó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò tí kò yẹ, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kó má ṣe dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Àwọn ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé jẹ́ méje. Ìkarùn-ún ni ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Ìkeje, tí wọ́n fi kún un ní ọdún 1995, ni ìtọ́jú àwùjọ tí a ń gbé. A ti ń fi owó jọ ran ara wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ jọ rìn dé sẹ́ńtà. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí olúkúlùkù mú orúkọ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ ronú lé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ọmọbìnrin mélòó ló wà nílé mi àti lábẹ́ iṣẹ́ mi, láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá?
2. Èwo nínú wọn ni n kò rí káàdì rẹ̀?
3. Ọjọ́ wo ni sẹ́ńtà àdúgbò mi ń gún abẹ́rẹ́?

Ẹni tó bá lè dáhùn ìkẹta lónìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́