Ìmọ́lẹ̀ Tó Gba Etí Oòrùn Kọjá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo iyàn tí ẹ jà lójúde wa ní Mende, ní Èkó níbí, lálẹ́ tí wọ́n mú iná lọ. Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ kò wúwo rárá, nítorí náà kò sí òòfà tó lè mú un. Apá kìíní tọ̀nà: ìmọ́lẹ̀ ń gbé agbára, ṣùgbọ́n kò ní ìwúwo kankan tirẹ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́dún 1915, Einstein ní ohun tó bá wúwo bí oòrùn a máa tẹ òfurufú tó yí i ká, àti àkókò pẹ̀lú. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ìbáà wúwo, ìbáà má wúwo, ọ̀nà tó ti tẹ̀ yẹn ni yóò tọ̀. Ó ṣírò rẹ̀. Ẹ pín digírì kan sí ọ̀nà 3,600: ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba etí oòrùn yóò yà ní 1.75 irú ìdá bẹ́ẹ̀. Lójú ìlànà Newton àtijọ́, bí ìdajì rẹ̀ ni.

Ta ló lè rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn? Àfi kí òṣùpá bo oòrùn pátápátá. Ó ṣẹlẹ̀ ní 29 oṣù Karùn-ún 1919. Onímọ̀ ìràwọ̀ Arthur Eddington àti Edwin Cottingham wá dúró dè é ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tiwa níbí, bíi 700 kìlómítà sí Èkó. Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú fún ìṣẹ́jú 5, ìkùukùu kò tíì kúrò tán. Eddington ń pààrọ̀ gíláàsì fọ́tò débi pé agbára káká ló fi gbójú sókè. Nínú 16 tí wọ́n yà, 2 péré ló wúlò. 1.61 ni wọ́n rí níbẹ̀; àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sobral, ní Brazil, rí 1.98.

Ọkàn Eddington ti wà lọ́dọ̀ Einstein kó tó wọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní London ní 6 oṣù Kọkànlá, àwọn mìíràn kò dúró síbẹ̀. Ní 1922 wọ́n tún lọ wọ̀n ọ́n ní Wallal, ní Australia, ó sì bá ti Einstein mu. Kò sẹ́ni tó fi ohùn líle borí nínú wọn.

Ní 2 oṣù Kẹjọ 2027, òṣùpá yóò tún bo oòrùn ní Luxor, ní Íjíbítì, fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 6. Ẹni tó bá mọ ìṣirò nínú yín, kó ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ipò ìràwọ̀ lórí fọ́tò láti ìsinsìnyí.